Bí Ìjàpá Ṣe Di Ìyá Ìbejì

Ẹ gbàlọ́ o!

A ti gbà á, ẹ máa sọ ọ́!

Àlọ́ mi ń rìn yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, ó yà sílé Ìjàpá, ó bá a tó ń pọn ọmọ tí kì í sunkún. Ta ló mọ ọmọ náà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Adébánkẹ́, kó ẹsẹ̀ rẹ jọ. N kì í pàlọ́ fún ẹni tó nà gbalaja.

Ní ìgbà kan, àwọn Ìkookò láti òdìkejì odò gbógun wọ ìlú àwọn ẹranko, wọ́n sì ṣẹ́gun. Erin ọba sá wọ igbó pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Balógun Ìkookò jókòó sí ààfin bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i, ó ní òun fẹ́ gbogbo ère tó wà nílùú. Kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ère ṣe o. Èyí tó kọ́kọ́ rí, ó dorí rẹ̀ kodò, ẹsẹ̀ lókè, ó ní báyìí ló ṣe lẹ́wà jù.

Ṣùgbọ́n ará ìlú ti kó ère wọn pamọ́, Ìkookò ò sì mọ ilé. Wọ́n ní kí Ẹfọ̀n fọ̀nà hàn wọ́n. Ẹfọ̀n kọ̀, wọ́n nà án, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Wọ́n bi Ìgalà, Ìgalà ní òun ò mọ ilé ẹnikẹ́ni, kódà òun ò mọ tòun. Ìjàpá ò dúró kí wọ́n pe òun. Ó ní bí òun ò bá ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é, pé bí òun bá wà níbẹ̀, òun lè máa bá ará ìlú bẹ̀bẹ̀. Ó sọ ọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́. Ohun tó bèèrè ò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mú ère kan tó bá wu òun. Wọ́n gbà, ó sì ṣíwájú wọn láti ilé dé ilé.

Èyí tó wù ú wà nílé Ẹdun. Ẹdun bí ìbejì, Kẹ́hìndé kú, Táyé ló kù. Ẹ sì mọ ohun tí a máa ń ṣe: wọ́n gbẹ́ ère Kẹ́hìndé, ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀, nítorí bí ebi bá ń pa Kẹ́hìndé níbi tó wà, ó lè wá pe Táyé lọ. Osùn ti jẹ́ kí ère náà máa dán, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà ní ìdí rẹ̀. Abẹ́ ẹní ni Ẹdun tọ́jú rẹ̀ sí. Ìjàpá ló ká ẹní náà.

"Alábahun, mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi nìyẹn," ni Ẹdun wí.

"Ìyá Ìbejì, igi ni," ni Ìjàpá dáhùn. Kò wò ó lójú.

Nígbà tí òjò dé, Erin kó ogun jáde nínú igbó, àwọn Ìkookò sì sá lọ. Wọ́n da ère sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ará ìlú ń ṣa tiwọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹdun wá Kẹ́hìndé títí, kò rí i, ó rò pé àwọn Ìkookò ti gbé e lọ. Ara Táyé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ẹ̀rù sì ba ìyá rẹ̀ débi pé kò lè jẹun mọ́. Ọjọ́ tó yà nílé Ìjàpá kó tọrọ omi ló rí ọmọ rẹ̀ lórí pẹpẹ.

Ẹjọ́ dé iwájú Erin. Ìjàpá yọ ìwé kan tí Balógun Ìkookò tẹ èékánná mọ́. Ó ní òun ò jí i, wọ́n fún òun ni. Ó ní bí òun ò bá mú un ni, Ìkookò ì bá ti fi dáná. Erin bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá òun ló ni ín lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì búra pé òun ni.

"Ó dáa," ni Erin wí. "Nílùú yìí, ìyá ìbejì nìkan ló ń ni ère ìbejì. Ìjàpá ti di ìyá ìbejì lónìí. Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ wá mú ẹgbẹ́ yín."

Ìjàpá rò pé òun ti jàre. Ó jó délé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbọ́ ẹsẹ̀ gìrìgìrì lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìyá ìbejì ti dé. Ṣé ó ti wẹ ọmọ? Ó wẹ̀ ẹ́. Ṣé ó ti fi osùn pa á? Ó fi pa á. Ó yá, kó pọ̀n ọ́n, kó jó kiri ọjà. Ẹ sì mọ bí ẹ̀yìn Ìjàpá ṣe rí. Ọmọ yọ̀, ó bọ́. Wọ́n ní irú ìyá wo nìyí, kó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni ọmọ bọ́ kí wọ́n tó dé ìdí àwọn aláta.

Wọ́n wá mú Táyé wá. Ohun tí a bá ṣe fún Kẹ́hìndé, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún Táyé. Ẹ lọ bi ìyá ìbejì èyíkéyìí. Ìjàpá se ẹ̀wà fún àwọn méjèèjì. Táyé jẹ tirẹ̀, ó tún bá Kẹ́hìndé jẹ tiẹ̀. Bí Kẹ́hìndé sì ṣe ń rí ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni ara Táyé ń tutù, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń là sí oúnjẹ. Ó jẹ iṣu inú àká tán. Ó ní kí wọ́n pọn òun náà. Ìjàpá pọn igi, ó tún pọn ọmọ Ẹdun lé igi. Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ká ẹní tirẹ̀, ó lọ sílé ìyá rẹ̀.

Ẹdun ń wò wọ́n láti òkèèrè. Inú rẹ̀ dùn pé Táyé yè, ó sì dùn ún wọ egungun pé ẹ̀yìn ẹlòmíì ni Kẹ́hìndé wà.

Ní ọjọ́ keje, Ìjàpá gbé ère wá fún un lọ́jà, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní kó gbà á, òun fi ta á lọ́rẹ.

Ẹdun ò na ọwọ́. "O ò lè fi ọmọ mi ta mí lọ́rẹ," ló wí. "Ta ló fi ilé mi hàn wọ́n?"

Ìjàpá wolẹ̀. Ó ní ogun ni. Ó ní àwọn Ìkookò ni. Táyé, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bèèrè ẹ̀wà.

"Èmi ni," ni Ìjàpá wí, gbogbo ọjà sì gbọ́. "Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi."

Nígbà náà ni Ẹdun gba ọmọ rẹ̀. Ó fi ìka nu ojú Kẹ́hìndé, ó pọ̀n ọ́n, ó fa Táyé lọ́wọ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílé.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìjàpá kì í ti í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kó má fa orí wọlé. Ó ń rò pé àwọn ìyá ìbejì ló ń bọ̀, pé wọ́n fẹ́ bi í bóyá ó ti wẹ ọmọ.

Ibi tí àlọ́ mi dúró sí nìyí. Bí mo bá parọ́ mọ́ ọn, ẹ lọ bi Ìjàpá. Ṣùgbọ́n ẹ rọra tẹlẹ̀ bí ẹ bá ń lọ o.