Ìgèrè Ìjàpá ní Odò Àfọ́n

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!
Àlọ́ mi wọ odò ní pẹ̀lẹ́, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ, ó lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ó wá gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Láyé àtijọ́, ẹja àrọ̀ ni gbogbo ẹranko etí Odò Àfọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn àrọ̀ á gbéra láti ìsàlẹ̀ odò, wọ́n á máa gòkè lọ sí orísun, níbi tí omi ti tẹ́jú tí koríko sì pọ̀, kí wọ́n lọ yé ẹyin síbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹja tí kò ráyè yé ẹyin, kò lọ́mọ tí yóò padà wá.

Erinmi ni ọba odò náà. Òun ló ń pàṣẹ ìgbà tí wọ́n lè pẹja àti ìgbà tí wọn kò gbọdọ̀ pa á. Ṣùgbọ́n inú ibú ló ń gbé, kò lè mọ iye ẹja tó ń kọjá. Nígbà tó rí i pé ẹja ń dín kù, ó ránṣẹ́ pe àwọn ará etí odò, ó ní òun nìkan kò lè dá a ṣe, kí wọ́n fi ojú tiwọn ran òun lọ́wọ́. Òṣìn, ẹyẹ tó ń ṣọ́ omi láti orí igi, ní òun á máa ka àwọn tó gbéra ní ìsàlẹ̀. Akàn, tó ń gbé ní orísun, ní òun á máa ka àwọn tó bá gúnlẹ̀. Bí ẹja kan bá kọjá, kí olúkúlùkù ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sílẹ̀.

Ìjàpá bá dìde. Ó ní àárín àwọn méjèèjì ni ilé òun wà, kí wọ́n máa fi iṣẹ́ rán òun sí Kábíyèsí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò mọ ohun tó wà nínú Ìjàpá.

Ìjàpá ní ìgèrè kan, agbọ̀n gígùn tí a fi ọparun hun, tí ẹja ń wọ̀ tí kì í lè jáde. Ibì kan wà nítòsí ilé Ìjàpá tí àpáta méjì ti fún odò lọ́rùn. Ibẹ̀ ló dẹ ìgèrè rẹ̀ sí. Àwọn àrọ̀ ń gòkè, ìgèrè ń gbé wọn mì, díẹ̀ ló ń rí ọ̀nà yọ. Bí Akàn bá ránṣẹ́ pé àwọn tó dé kò tó nǹkan, Ìjàpá á bò ó mọ́lẹ̀. Iye tí Òṣìn kà ló máa ń lọ sọ fún Erinmi, á ní bí wọ́n ṣe gbéra náà ni wọ́n ṣe gúnlẹ̀. Inú Erinmi á dùn, á ní kí wọ́n máa pẹja lọ nísàlẹ̀ ibi tí Òṣìn ń ṣọ́.

Ẹ má rò pé Ìjàpá kò láàánú o. Ọmọ rẹ̀ pọ̀, ó ti rí ìyàn rí, ẹ̀rù ebi ló ń bà á. Yánníbo bi í léèrè ibi tí ẹja ti ń wá, ó ní Elédùmarè ló ń pèsè. Yánníbo wò ó títí.

Òjò mìíràn rọ̀, odò kún, ẹja kò gòkè. Àwọn ẹranko ju àwọ̀n, omi lásán ni wọ́n ń fà. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ebi, títí kan àwọn ọmọ Ìjàpá. Erinmi ní kí Òṣìn àti Akàn kó òkúta wọn wá, kí òun fi ojú ara òun rí i. Ti Òṣìn ga bí ebè iṣu. Ti Akàn kò kún àtẹ́lẹwọ́ ọ̀bọ.

Gbogbo ojú yí sí Akàn. Wọ́n ní ta ló tún ń gbé ní orísun, òun ló jẹ àwọn ẹja náà. Akàn búra títí, wọn kò gbọ́. Wọ́n bi Ìjàpá, ó wolẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe rán òun ni òun ṣe jẹ́ ẹ. Erinmi pàṣẹ pé kí Akàn kó kúrò létí odò kí oòrùn ọ̀la tó yọ.

Ìjàpá délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Yánníbo jókòó tì í.

"Baálé mi, ilé Akàn la sá lọ lọ́dún tí omi gbé ilé wa."

Ìjàpá dìde, ó wọlé.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó lọ síbi àpáta láti yọ ìgèrè kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ìgèrè ti há. Ìjàpá ti orí bọ ẹnu ìgèrè láti tú okùn inú rẹ̀, ni àwọn ọparun bá fún un lọ́rùn pinpin. Ó fà á, ó tún ń há sí i. Omi sì ń kún. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Akàn lórí àpáta, tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ojú tì í láti pè é, ṣùgbọ́n ẹni tí omi dé imú rẹ̀ kì í tijú. Ẹ bá mi gbè é:

Akàn ọ̀rẹ́ mi, dúró dè mí o,
— Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.
Ẹja tí wọ́n ní o jẹ, èmi ni,
— Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.
Ìgèrè tí mo dẹ ti mú mi o,
— Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.

Akàn sọ ẹrù kalẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sínú omi. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ rẹ̀ tó dà bí ẹ̀mú gé àwọn okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí orí Ìjàpá yọ, kò bú u.

Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kó gbọ́."

Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó ń lọ. Kò sí ẹlòmíràn tó rí wọn. Ìjàpá lè padà sílé kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn Akàn títí, ó gbé ìgèrè kọ́ ẹ̀yìn.

"Dúró," ó ní. "Jẹ́ ká jọ padà."

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún Erinmi lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn kan fẹ́ lù ú. Erinmi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó bi í pé mélòó ló kó. Ìjàpá ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n eegun orí wọn wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Eegun orí àrọ̀ le, kì í tètè jẹrà. Yánníbo àtàwọn ọmọ kó wọn wá, wọ́n dà wọ́n sórí òkúta Akàn. Òkìtì náà ga, ó ga, ó bá ti Òṣìn dọ́gba.

Erinmi bẹ Akàn níwájú ìlú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ojú kan kò lè mọ odò. Ẹni tó sì jẹ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ iye tó jẹ."

Ó ní kí àwọ̀n kankan má wọ omi mọ́ títí àwọn ọmọ ẹja yóò fi sọ̀ kalẹ̀ láti orísun. Ìgbà náà le. Ewé àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ, Ìjàpá náà sì ń jẹ ẹ́. Wọ́n fi í sí ibi àpáta láti máa ka ẹja tó ń kọjá. Ó máa ń jókòó síbẹ̀ nínú òjò, òkúta lọ́wọ́, omi lásán ló ń kọjá. Títí di ọjọ́ kan tí ìrù dúdú kan na omi láàárín àpáta méjì, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ìjàpá ń ju òkúta sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò gbàgbé ìgèrè. Láti ọjọ́ náà, bí ohunkóhun bá kàn án lórí, kíá ló ń fà á wọlé. Òun lẹ ń rí títí dòní.

Ibi tí àlọ́ mi gòkè dé rèé, ibẹ̀ ló sì yé ẹyin sí. Bí mo bá bomi là á, kí ahọ́n mi há mọ́ mi lẹ́nu. Bí n kò bá bomi là á, kí ẹ bá mi jí ire lọ́la.
— Àṣẹ.