Ìdí Tí Ẹ́ńjìnnì Fi Ń Wúkọ́ Ní Ìdájí

Ẹ wá o, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ wá jókòó tì mí. Ẹ sún mọ́ra, ẹní yìí ṣì gba èèyàn. Ìyìọlá, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí aṣọ mi kí àbúrò rẹ ráyè. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe kún iwájú mi! Inú mi dùn, ó dùn dé gbẹ̀dẹ̀mukẹ.

Ṣé ẹ rò pé n kò gbọ́ yín láàárọ̀ yìí? Bàbá yín ń ṣíná sí ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ń ṣe kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, ẹ̀yin náà ń sín in jẹ, ẹ ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹkún ni ohun tí ẹ pè ní ikọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín.

Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, ó kọjá ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, ó dúró lórí ọmọ ìyá méjì tí a fi irin ṣe.

Nígbà láéláé, ẹ́ńjìnnì kì í wúkọ́. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni ń yí sí i létí. Bí àkùkọ bá ti kọ, á dìde fúnra rẹ̀, á na ara, á sì gba ibi tó bá wù ú lọ. Kí ló ń gbé e dìde? Ẹṣin ni. Inú ẹ́ńjìnnì ni ẹṣin ń gbé nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì ni ilé, ẹṣin ni àlejò, àwọn àlejò náà kì í sì í lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré tí ilé fi ń rìn.

Ìyá Ẹwìrì, ẹwìrì àgbẹ̀dẹ tí ń fẹ́ná, ló bí ẹ́ńjìnnì méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Ràbàtà, àbúrò ń jẹ́ Bíńtín. Yàrá mẹ́jọ ló kọ́ sínú Ràbàtà, yàrá mẹ́jọ náà ló kọ́ sínú Bíńtín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n yàrá Ràbàtà fẹ̀ bí àgbàlá, ti Bíńtín sì mọ níwọ̀n. Nítorí náà, ẹṣin inú Ràbàtà pọ̀ ju ẹṣin inú Bíńtín lọ fíìfíì.

Ìyá Ẹwìrì mọ̀ pé ẹṣin tó bá ń sáré yóò gbóná. Ó mọ ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan nípọn, ó sì jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ gbọ́ o. Gbogbo ohun tí mo fún yín, tiyín ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ògiri yín. Èèwọ̀ ni. Ògiri yẹn ni kò jẹ́ kí iná àti omi fojú kanra."

"A ti gbọ́, Ìyá wa."

Àwọn méjèèjì fẹ́ràn eré sísá bí ẹ̀yin náà ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ ni wọ́n ti ń gbéra, wọn á sá dé ìdí igi àràbà, wọn á yí àràbà po, wọn á padà sílé. Níbi tí ọ̀nà bá ti lọ gbọọrọ, kò sẹ́ni tó lè bá Ràbàtà. Ohùn rẹ̀ á máa bú bí ààrá, ilẹ̀ á máa mì tìtì. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wúwo. Bó bá dé ìdí àràbà níbi tí ọ̀nà ti wọ́, orí á fà á wọ igbó lọ, á máa bá ìtàkùn jà. Bíńtín, tó fúyẹ́, tó ń mí kíákíá, á yí fìrì, á kọjá rẹ̀. Lónìí ẹ̀gbọ́n á borí, lọ́la àbúrò á borí.

Ó yẹ kí ìyẹn tẹ́ Bíńtín lọ́rùn, àbí? Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn ará ìlú kì í bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ délé. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni, "Ẹṣin mélòó ló wà nínú rẹ?" Bí Bíńtín bá sì dáhùn, wọn á ní, "Ẹn-ẹ́n, ó kúkú gbìyànjú."

Ràbàtà náà kì í jẹ́ kó sinmi. "Àbúrò mi, ṣé ẹṣin ló wà nínú rẹ lóòótọ́, àbí ewúrẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ewúrẹ́ yìí náà ló sáré kọjá yín lánàá, nígbà tí ẹ ń jẹ koríko nínú igbó?"

Gbogbo èèyàn á bú sẹ́rìn-ín, Bíńtín náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá délé, á máa tẹ́tí sí ẹṣin inú ara rẹ̀, á máa kà wọ́n. Lójú rẹ̀, bó ṣe ń kà wọ́n ni wọ́n ń dín kù.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà ìlú ní ọ̀nà kan ṣoṣo kò lè gba ẹ́ńjìnnì méjì tí ń pariwo. Wọ́n ní kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sáré àṣekágbá lọ́jọ́ ọdún ìkórè. Ẹni tó bá borí ni yóò ni ọ̀nà. Ẹni tí kò bá borí, wọn á kàn án mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ, yóò máa lọ ata, kò sì ní kúrò lójú kan mọ́ láyé.

Kì í ṣe ata ló ń ba Bíńtín lẹ́rù, ẹṣin rẹ̀ ló ń rò. Kí ni ẹṣin fẹ́ máa ṣe nínú ilé tí kò lọ síbì kankan? Ó fẹ́ràn wọn. Asárémálàágùn, arúgbó ẹṣin tó jẹ́ olórí wọn, ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé, bó ti wù kó sáré tó, òógùn kì í yọ lára rẹ̀.

Ìyá Ẹwìrì rí i pé ojú ọmọ òun fà ro. "Bíńtín, kí ló dé?"

"Ìyá mi, ẹṣin mi kéré."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé àwọn tí kò lè sáré dé ìsàlẹ̀ ọjà ni? Bí mo ṣe dá ọ ní fífúyẹ́ yẹn, ẹ̀bùn ni. Ràbàtà ló ni ọ̀nà gbọọrọ, ìwọ lo ni ọ̀nà tó wọ́. Sá eré tìrẹ, ọmọ mi."

Etí Bíńtín gbọ́. Ọkàn rẹ̀ kò gbọ́.

Ayùn wà lórí pẹpẹ nínú àgbẹ̀dẹ, ayùn tí wọ́n fi ń fá irin. Ẹ mọ irú ẹni yẹn, ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tó bá ń fá nǹkan. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó yọ́ sọ̀kalẹ̀.

"Bíńtín, ọ̀rẹ́ mi, ṣé nítorí pé yàrá kò fẹ̀ lo ṣe ń dá ara rẹ lóró? Ògiri rẹ ló nípọn jù. Kí lo fẹ́ fi ògiri tó tó báyìí ṣe? Jẹ́ kí n bá ọ fá a díẹ̀."

"Ìyá wa ní èèwọ̀ ni."

"Díẹ̀ ni mo wí. Èèwọ̀ kì í rí díẹ̀."

Ayùn wọlé, ó fá ògiri. Ó dun Bíńtín bí ẹni pé wọ́n ń fá egungun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa eyín pọ̀. Nígbà tí Ayùn jáde, yàrá ti fẹ̀. Bíńtín ké sí àwọn ẹṣin tó ń jẹko ní pápá: "Ẹ wọlé o, àyè wà!" Wọ́n wọlé. Inú rẹ̀ dùn, ó tún pe Ayùn padà. Ayùn fá a sí i, ẹṣin wọlé sí i. Bí ìdùnnú yẹn ṣe ń wọlé ni ògiri ń jáde.

Asárémálàágùn fi pátákò kan ògiri, ó tẹ́tí. "Bíńtín ọmọ mi, tẹ́lẹ̀, bí mo bá kan ògiri yìí, n kì í gbọ́ nǹkan kan. Ní báyìí, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń ṣàn."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé ló ń fẹ̀."

"Ilé tó fẹ̀ tí kò nípọn, àgọ́ ni. Àgọ́ kò sì gba òjò dúró."

"Tí ọjọ́ ọdún bá ti kọjá, n kò ní fá a mọ́."

Arúgbó ẹṣin mi orí, ó padà sáyè rẹ̀. Àlejò ni. Àlejò kì í kọ́ onílé bí yóò ṣe tún ilé rẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ ọdún pé. Wọ́n gbéra. Yéè, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò bá gbọ́ ariwo! Ní ọ̀nà gbọọrọ, níbi tí Ràbàtà ti jẹ́ ọba, Bíńtín ló wà níwájú. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn ará ìlú ń pariwo, "Bíńtín! Bíńtín!" Ràbàtà ń bú ramúramù lẹ́yìn, kò bá a.

Wọ́n dé ìdí àràbà. Bíńtín yí fìrì, bó ti máa ń yí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Ràbàtà nínú igbó, tí orí ti fà á lọ bíi ti àtẹ̀yìnwá, tí ìtàkùn wé mọ́ ọn lọ́rùn.

Bíńtín mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ẹṣin òun àtijọ́, àwọn díẹ̀ yẹn, ì bá ti tó. Wọn ì bá ti tó!

Ìgbà náà ni nǹkan kán tó sí i nínú. Òógùn ni. Asárémálàágùn ń làágùn.

"Bíńtín, ó gbóná! Dúró, ọmọ mi, ó gbóná jù!"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá! Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ!"

Pàá! Ògiri là. Omi ya wọ inú yàrá, iná àti omi fojú kanra. Èéfín funfun rú, ó bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Nígbà tí èéfín máa fi kúrò, Bíńtín ti dúró sójú kan, ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ wà níwájú rẹ̀ gan-an, kò sì lè dé ibẹ̀.

Ràbàtà já ìtàkùn, ó ń bọ̀. Gbogbo èèyàn rò pé yóò kọjá. Kò kọjá. Ó dúró.

"Àbúrò mi, dìde."

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò lè dìde."

"Dìde, jàre. Dìde kí o bú mi pé mo tún lọ jẹ koríko."

Ràbàtà so okùn mọ́ ọn, ó fà á wọlé. Ẹnì kan kò pàtẹ́wọ́, ẹnì kan kò sì bèèrè ẹni tó borí.

Ìyá Ẹwìrì fẹ́ná láti fi jó ògiri náà pọ̀. Fíì, fíì, fíì. Ògiri ti fẹ́lẹ́ jù. Bó bá dí ibí, ọ̀hún á là. Bó bá dí ọ̀hún, ibòmíràn á là. Ó fẹ́ná títí èémí fi tán nínú rẹ̀. "Ọmọ mi," ló wí, "o kò ṣẹ́ ibi tí mo lè dì mú kù fún mi."

Àwọn ẹṣin kò lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n rin gbingbin, wọ́n ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n àlejò kì í fi onílé sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró tì í. Bíńtín tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé wọn kò ní lọ mọ́. Àfi nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, tó gbọ́ pátákò tí ń sún lórí irin. Ló bá fi ohùn tí omi ti kún bẹ̀rẹ̀ orin:

Ẹṣin mi, ẹ má lọ o,
Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀!
Ilé yìí ṣì gbà yín o,
Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀!
Ẹ̀yin díẹ̀ ti tó mi o,
Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀!
Ẹ padà wá, ará ilé mi,
Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀!

Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ gbè é pẹ̀lẹ́.

Asárémálàágùn dìde. "Bíńtín, a kò bínú sí ọ. A gbọ́ omi lẹ́yìn ògiri, àwa náà kò jáde. Ṣùgbọ́n ẹṣin kò tún ní sùn nínú ilé onírin mọ́. Bí ẹ bá ní ìrìn, ẹ pè wá. Bí a bá gbọ́, a ó wá, a ó sáré fún yín. Bí iná bá ti kú, a ti lọ nìyẹn."

Ràbàtà fò dìde. "Àwọn tèmi ńkọ́? Èmi kò fá ògiri kankan!"

"Ìyá kan náà ló bí yín," ni arúgbó ẹṣin wí. Ràbàtà sì gbọ́ bí yàrá òun náà ṣe ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì, àtèyí ńlá àtèyí kékeré, fi ń sùn bí òkú tí a bá ti pa iná rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò fi lè dìde fúnra rẹ̀, àfi kí èèyàn wá yí kọ́kọ́rọ́ sí i létí. Bó bá ń ṣe kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ láàárọ̀, tí èéfín funfun ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹṣin rẹ̀ ló ń pè. Nígbà mìíràn, wọn á gbọ́. Nígbà mìíràn, wọn kì í gbọ́, ẹ ti rí bàbá yín tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Àwọn èèyàn kò sì kọ́gbọ́n. Títí dòní, bí wọ́n bá fẹ́ mọ agbára ẹ́ńjìnnì, ẹṣin mélòó ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n ń ka àlejò tó ti lọ.

Ṣùgbọ́n ní ìdájí àkọ́kọ́ yẹn, kò tíì sí kọ́kọ́rọ́, kò tíì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n padà. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èyí bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ẹwìrì, á tẹ orí ba fún un, á bọ́ sójú ọ̀nà. Bíńtín ń kà wọ́n bó ti máa ń kà wọ́n. Asárémálàágùn ló gbẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi pátákò kan ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tẹ́tí. Omi ti tán lẹ́yìn rẹ̀. Ó rọra bọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀lé àwọn yòókù gba ìdí àràbà, wọ́n yí i po, wọn kò padà. Ilẹ̀ mọ́. Bíńtín ṣì ń tẹ́tí, kò rí nǹkan kan kà mọ́.