Ọ̀gá Tí Kò Béèrè Ẹni Tó Ni Àga

Ọ̀gá ilé-ìwé kan wà. Ó mọ̀wé, ó mọ ìwà hù, kò sí ẹjọ́ kankan lọ́rùn ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin tíṣà, kì í ṣe ọ̀gá tiyín. Tiyín ló jókòó síwájú yìí, ó sì ń wò mí.

Ìjọba gbé ọkùnrin yìí láti ìlú ńlá, wọ́n ní kó lọ máa ṣe olórí ilé-ìwé gíráma kan ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn òkè. Ilé-ìwé náà ń kú lọ. Èsì ìdánwò wọn ò dáa, ọmọ ibẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti sọ fún wọn pé àwọn ń bọ̀ wá wò ó kí sáà yẹn tó parí. Bí wọ́n bá rí i pé nǹkan ti ń yí padà, wọ́n á fi í sílẹ̀. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á tì í pa, wọ́n á da àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ ti ìlú kejì. Odò ló wà láàárín ìlú méjèèjì, ìrìn rẹ̀ sì tó kí ẹsẹ̀ ọmọdé wú. Gbogbo ìlú mọ̀. Àwọn tíṣà mọ̀. Ọ̀gá ló mọ̀ ọ́n jù, torí pé orí ẹ̀ ni wọ́n gbé e lé.

Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó ń wò. Kò pẹ́ tó fi rí ohun tó ń bà wọ́n jẹ́. Níbẹ̀, ọmọ ló ń jókòó sójú kan, tíṣà ló ń rìn. Bí agogo bá dún, tíṣà á jáde ní kíláàsì kan, á yà kí ìyá ẹlẹ́pà, á dúró lábẹ́ igi máńgò bá ẹnì kejì ẹ̀ sọ̀rọ̀ ìbò. Kó tó dé kíláàsì tó kàn, agogo tún ti fẹ́ẹ̀ dún. Kí lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí? Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ti yé òun. Níbi tóun ti ń bọ̀, tíṣà kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tiẹ̀. Tíṣà á wà nínú yàrá pẹ̀lú ìwé ẹ̀ àti àwòrán ẹ̀, ọmọ ni yóò máa rìn tọ̀ ọ́ lọ. Ó pe ìpàdé, ó ya gbogbo ẹ̀ sójú pátákó, ọfà síbí, ọfà sọ́hùn-ún. Ó wá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ní ìbéèrè.

Igbákejì ọ̀gá, ìyá kan tó ti ń kọ́ni níbẹ̀ kí wọ́n tó kan òrùlé yàrá tó kẹ́yìn, wo pátákó, ó wo àwọn yòókù. Tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ń wo ojú fèrèsé. Tíṣà Bíbélì wúkọ́. Wọ́n ní kò sí ìbéèrè, sà. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, inú ẹ̀ dùn. Ó rò pé wọ́n ti gbà.

Ẹ̀yin náà mọ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Mo rí i lójú yín.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọ̀gá lọ dúró sórí àtẹ̀gùn, ó kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó fẹ́ wo bí ètò tuntun ṣe máa dùn ún wò. Agogo dún. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé tú jáde, olúkúlùkù ru àga lórí. Èyí tí kò ru àga ń wọ́ tábìlì nílẹ̀. Àwọn kan ń wọlé, àwọn kan ń jáde, ẹsẹ̀ àga ń gún èèyàn nímú. Ọmọ kan há sẹ́nu ọ̀nà, òun àti tábìlì ẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì í wọlé, àwọn tó wà nínú ilé ń tì í síta. Àwọn tó ń wá ìṣirò lọ bá ara wọn lọ́dọ̀ tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀, òun náà sì ń kọ́ wọn lọ ní tiẹ̀, kò bi wọ́n léèrè. Kí wọ́n tó rí ibi gbé àga sí, agogo tún dún.

Orí ọ̀gá dàrú. Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀tẹ̀ ni. Ó tún rò pé bóyá àwọn ọmọ náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó pe igbákejì ẹ̀, ó ní kí ló dé tí wọ́n ń ru àga.

“Ẹ ní kí wọ́n máa rìn, sà,” ni igbákejì wí.

Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Wọ́n ń rìn, sà.”

Ìyá yìí ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó dúró dìgbà tó wọ yàrá àwọn tíṣà, ó wá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí ó fi di tábìlì mú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pàṣẹ pé kí kálukú gbé àga sílẹ̀ níbi tó bá wà, kó sì máa lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n gbé àga sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò kúrò nídìí ẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Morádékẹ́ gbá àga ẹ̀ mú láti àárọ̀ títí wọ́n fi jáde. Kíláàsì ń wọlé bá a, kíláàsì ń jáde fi í sílẹ̀. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ wá bá a, ó ní ṣé kò gbọ́ òfin tuntun ni. Ó ní òun gbọ́. Ọ̀gá ní kí ló wá dé.

Ọmọ náà wò ó bí ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀gá ló yẹ kó dáhùn. “Tí mo bá lọ, sà, ẹlòmíì á jókòó lé e.”

Ọ̀gá ní ṣebí nítorí kí èèyàn lè jókòó lé e ni wọ́n ṣe kàn án. Ni ọmọ náà bá bú sẹ́kún. Ọ̀gá ò mọ ohun tóun sọ tó burú. Ó padà sí ọ́fíìsì ẹ̀, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Kò kúkú bi ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ síra ẹ̀ ni pé àṣà àtijọ́ ló ń bá òun jà, òun náà á bá a jà.

Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà kan náà kun gbogbo àga, kó má sí àga ẹnì kan mọ́. Àwọn ọmọ ti fi ìṣó kọ orúkọ sára àga, àwọn mìíràn gbẹ́ òdòdó sí i, èyí pupa, èyí aláwọ̀ ewé. Gbogbo ẹ̀ di àwọ̀ eérú. Àwọn tíṣà ló bá ọ̀gá kùn ún. Wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń ṣẹ́jú síra wọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà yìí wà lọ́jà, wọ́n sì ń wò ó bó ṣe ń wọ́.

Ọ̀dà ò tíì gbẹ tán tí àwọn òbí fi dé. Bàbá Morádékẹ́, tó jẹ́ káfíńtà, ló ṣáájú. Ó kí ọ̀gá tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó ní àga òun lòun wá gbé. Ọ̀gá ní àga wo. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣàlàyé fún un. Ní ìlú yẹn, ìjọba ò fún ọmọ kankan lága rí. Ọjọ́ tí ọmọ bá wọ ilé-ìwé, bàbá ẹ̀ á ru àga tẹ̀lé e. Ọmọ á jókòó lé e títí á fi jáde, á wá fi í lé àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Morádékẹ́ ló kọ́kọ́ ni àga yẹn, òun ló fi ìṣó kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ti kú.

“Ọ̀gá,” ni káfíńtà wí, “ẹ ti kun orúkọ ọmọ mi mọ́lẹ̀. Ẹ ò bá ti bi mí.”

Ó gbé àga, ó lọ. Àwọn òbí yòókù gbé tiwọn. Àwọn ọmọ wá ń jókòó sórí sìmẹ́ńtì.

Ọ̀gá kó àwọn tíṣà jọ. Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Ẹ mọ̀ pé àwọn òbí ló ni àga?”

“A mọ̀, sà.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ wo ojú fèrèsé. Tíṣà Bíbélì wúkọ́. Igbákejì ló dáhùn. Ó ní, “Ẹ bi wá pé ṣé a ní ìbéèrè, sà. Ẹ ò bi wá pé ṣé a ní ìdáhùn.”

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ dé. Wọ́n rí ọfà lójú pátákó, wọ́n rí ọmọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọn ò pẹ́ rárá. Wọ́n ti ilé-ìwé náà pa. Ọ̀gá padà sí ìlú ńlá, níbi tí àga kì í ti í wọ́n, àwọn tíṣà sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí ìjọba fi sọ ibi tí wọ́n gbé àwọn náà lọ fún wọn. Ìlú kejì ni wọ́n gbé igbákejì lọ.

Bó ṣe di pé òun àti àwọn ọmọ jọ ń rin ọ̀nà odò láràárọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, olúkúlùkù ọmọ ru àga ẹ̀, torí pé àṣà ìlú kejì náà ò yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, orúnkún ìyá yìí ò gbé e mọ́. Morádékẹ́ sọ àga orí ẹ̀ kalẹ̀, ó ní, “Ẹ jókòó, mà.” Ìyá fọwọ́ di ẹ̀yìn àga mú kó tó jókòó. Ó fọwọ́ kan orúkọ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lábẹ́ ọ̀dà tí òun fúnra ẹ̀ kùn. Ó jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó wà níwájú, ẹ wo ohun tí èèyàn rù lórí kí ẹ tó ní kó máa rìn. Tiyín ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tíṣà tí ẹ ti ń fìgbọ̀nwọ́ gún ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ ń sọ pé ọ̀gá ni mo pa àkàwé yìí fún, àṣìṣe nìyẹn. Ọ̀gá yẹn kò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe orí ọ̀gá ni àga máa wà nígbẹ̀yìn.

Bí mo bá jókòó báyìí, ọ̀gá yín á dìde. Ó ní ètò tuntun kan tó fẹ́ yà sójú pátákó. Nígbà tó bá parí, á bi yín bóyá ẹ ní ìbéèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wúkọ́.