Àga Ọmọ Apẹja

Ọkùnrin kan wà tí ó ń wá àga. Kì í ṣe pé kò ní àga nílé o. Ó ní mẹ́fà, aláwọ ni gbogbo wọn. Àga ẹgbẹ́ ni ojú rẹ̀ wà lára. Nínú ẹgbẹ́ ọlọ́lá tí ó wọ̀ ní Àkúrẹ́, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í jókòó nípàdé. Ìdúró ni yóò wà fún ọdún mẹ́ta, tí yóò máa gbé ọtí fún àwọn tó jókòó, títí wọn yóò fi dìbò fún un. Onírùngbọ̀n funfun, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, ló ń dúró bí òpó iná yẹn.

Ọmọ apẹja Ìlàjẹ ni. Ó ti ń tukọ̀ kí ó tó mọ ṣòkòtò í wọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí ó dá sí ọ̀rọ̀ nípàdé, alága ní, "Ta ló fún ẹni tí kò ní àga lẹ́nu?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti gbé ẹnu rẹ̀ fún alága tọ́jú.

Nígbà tí ọdún kẹta pé, ẹgbẹ́ lọ gbafẹ́ létí Òkun Mẹditaréníà, ní Sípéènì. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn yóò ti pinnu ọ̀rọ̀ àga rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tí ó fà á wọ ẹgbẹ́, tí ó sì ti bẹ gbogbo ènìyàn kiri nítorí rẹ̀, sọ fún un pé, "Àbúrò, ó ku díẹ̀. Ṣáà máa rọra."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ ọkọ̀ kékeré kan láti lọ wo erékùṣù. Òyìnbó ọlọ́kọ̀ nawọ́ síwájú, ó nawọ́ sẹ́yìn: kí wọ́n pín ara wọn. Ẹgbẹ́ kọ̀. Ṣé igbákejì alága ni yóò lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kéékèèké jókòó níwájú? Gbogbo oníkùn ńlá rọ́ sẹ́yìn, lábẹ́ ìbòrí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, bí ipò wọn ṣe tẹ̀léra. Òyìnbó kó ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì wá. Wọ́n ní yóò bo báàjì àwọn mọ́lẹ̀. Òyìnbó gbé èjìká sókè, ó tan ẹ́ńjìnnì. Òun náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ apẹja dúró níwájú, nítorí kò tíì ní àga. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọ fún un. Ìdí ọkọ̀ ti wọlẹ̀ jù, omi ti ń lá etí ọkọ̀, afẹ́fẹ́ sì ti yí padà. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀ rí ojú rẹ̀, ó ké sí i láti ẹ̀yìn: "Àbúrò, ìwọ lo mọ omi. Ṣé kò séwu?"

Alága ní, "Hẹn-ẹn! Ẹ dákẹ́, ẹlẹ́ja fẹ́ sọ̀rọ̀!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà wo ojú alága. Àga ló rí níbẹ̀. Ó ní, "Kò séwu, bọ̀dá mi. Ẹ jókòó yín."

Ìgbì kẹta ló da ọkọ̀ náà dé. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń sáré bọ̀ láti yọ wọ́n. Ọmọ apẹja lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́yìn. Alága ń pariwo. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀ kò pariwo, ó kàn ń wo àbúrò rẹ̀. Alága ló kọ́kọ́ fà jáde. Nígbà tí ó padà, kò rí bọ̀dá rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ṣe ìpàdé nílé kí òkú onígbọ̀wọ́ rẹ̀ tó dé láti Sípéènì. Akọ̀wé kà á sókè pé ẹgbẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tí kò fi ìmọ̀ rẹ̀ yọ àgbà lẹ́nu. Wọ́n dìbò, kò sẹ́ni tó takò ó. Àga kan sì ti ṣófo. Wọ́n ní kí ó jókòó. Ó jókòó. Tìmùtìmù náà ṣì tẹ̀ sínú, bí ìdí ẹni tó ni ín ṣe fi í sílẹ̀.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, má mi orí bí ẹni pé aládùúgbò rẹ ni mò ń bá wí. O mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń wọlẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ, nínú ìjọ rẹ, nínú ẹbí rẹ. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ bi ọ́ lánàá, o ní kò séwu. O pè é ní ìtẹríba. Ebi àga ni. Má bẹ̀rù, wọn yóò fún ọ. Ṣùgbọ́n kí o tó fìdí lé e, kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án wò: ìdí ẹni yẹn lè ṣì gbóná lórí rẹ̀.