Òfin Pàṣán ní Ilé Alágbẹ̀dẹ

Ògúnrìndé alágbẹ̀dẹ ní ìyàwó méjì, ilé rẹ̀ sì tòrò títí ìlú Òkè-Àgó fi lọ ṣe òfin. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní irọ́ ni, pé orogún méjì kì í gbé abẹ́ òrùlé kan láìjà. Ó dára, wọ́n ń jà. Ṣùgbọ́n ìjà ata àti iyọ̀ ni, ìjà tí ilẹ̀ kì í ṣú bá.

Àwẹ̀ró ni ìyálé. Aláró ni, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì máa ń dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Àjíkẹ́ ni ìyàwó, ọmọ ilé Ọlọ́ṣun ní ìsàlẹ̀ odò. Ìdí Ọ̀ṣun ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n bó ṣe wọ ilé ọkọ báyìí, Ògún ọkọ rẹ̀ ló gbá mú. Kò sí ẹni tó mọ oríkì Ògún í kì tó o nínú agboolé náà. Bó bá bẹ̀rẹ̀, Ògúnrìndé fúnra rẹ̀ a dúró pẹ̀lú ọmọ owú lọ́wọ́, a máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó pẹ́ kí Àjíkẹ́ tó lóyún. Nígbà tí oyún náà wá dé, gbogbo ilé ń gbé e gẹ̀gẹ̀.

Àwọn ahunṣọ Ìmàle kan ló máa ń kó aṣọ wá fún Àwẹ̀ró kí ó bá wọn pa á láró. Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ṣe àlùwàlá, tí wọ́n sì ń kírun. Ó béèrè, wọ́n dá a lóhùn. Ó tún béèrè. Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, Àwẹ̀ró ti ra búùtà, ó ti tẹ́ awọ àgbò sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń kírun tirẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò pe ẹnikẹ́ni wá. Oúnjẹ ọkọ rẹ̀ kò pẹ́ lórí iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ráhùn díẹ̀, ó sì gbàgbé.

Àwọn ìjòyè ni kò gbàgbé. Àwọn tó ń kírun ń pọ̀ sí i nílùú, oorun kò sì kùn àwọn olóyè mọ́. Ọ̀tún, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù ní ààfin, ló mú àbá wá. Ó ní àwọn àjèjì ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan àwọn ọmọ ìlú jẹ, àánú àwọn ọmọ náà sì ń ṣe òun. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ dè yín lọ́wọ́, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé àánú yín ló ń ṣe òun!

Bí òfin náà ṣe lọ nìyí: “Ẹ̀sìn tí a bá bí ọmọ sí ni kí ó máa sìn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, kí ó kọ́kọ́ wá gba àṣẹ ní ààfin. Ẹni tó bá yí i padà láìgbàṣẹ, ì báà jẹ́ lánàá, ì báà jẹ́ lọ́dún tó kọjá, kí baálé ilé rẹ̀ nà án ní gbangba.” Ọ̀tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín pàṣán fún àwọn baálé. Ní ti àṣẹ ààfin yẹn, ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè ẹni tó rí i gbà.

Inú Àjíkẹ́ dùn bí ẹni pé òun ni wọ́n fi jẹ oyè. Ẹ̀rù oyún inú rẹ̀ ló ń bà á, ó rò pé Ògún lè bínú nítorí ìyálé òun. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé ilé Ọ̀tún.

Ó ní, “Bàbá, ìyálé mi ń forí kanlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ sì dákẹ́. Ṣé ìgbà tí nǹkan bá ṣe ọmọ mi lẹ máa tó mọ̀?”

Ọ̀tún kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó èrò dé ilé alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ní kí Àwẹ̀ró sọ pé òun ti padà lẹ́yìn ohun tó ń ṣe.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. “Baálé mi, mi ò lè purọ́ fún yín níwájú èèyàn. Ohun tí mo gbà, mo gbà á. Ẹ nà mí.”

Ọkọ rẹ̀ nà án. Ó rò pé òun á fi ọwọ́ fífúyẹ́ nà án, ṣùgbọ́n Ọ̀tún dúró tì í, ó ń ké pé, “Ìyẹn ò ró! Tún un nà!” Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti mú aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Kàkà kí Àjíkẹ́ wá omi gbígbóná, orin ló gbé, tó ń pàtẹ́wọ́ sí i:

“Ẹ bá mi bi ìyálé mi o,
Kí ló sọ nù sílẹ̀ tó ń forí wá?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ògúnrìndé fẹ́ sọ pàṣán náà sígbó, ojú ń tì í, ṣùgbọ́n Àjíkẹ́ dì í lọ́wọ́ mú. “Ẹ má jù ú nù o, olówó orí mi. Ẹ fi í sájà. Ìyálé wa lè tún gbàgbé.” Bí pàṣán ṣe dé àjà nìyẹn.

Ọdún Ògún dé. Ha, ẹ bá rí Àjíkẹ́! Oyún ti yọ síwájú rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀, síbẹ̀ òun ló ṣáájú agbo, òun ló ń dá orin, òun ló ń ki Ògún títí iwájú àgbẹ̀dẹ fi kún fọ́fọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ojúbọ Ọ̀ṣun, ń kọjá lọ, ó sì dúró.

Ó ní, “Ta nìyẹn? Ọmọ àbúrò mi kọ́ nìyẹn?”

Inú ìyá yìí ti bàjẹ́ tipẹ́. Gbogbo ọmọbìnrin ilé wọn ti lọ sílé ọkọ, kò ku ẹni tí ń pọnmi Ọ̀ṣun àfi òun àti aláǹgbá ara ògiri. Òfin tuntun yìí wá sọ sí i lọ́kàn. Ó gba ààfin lọ tààrà, ó ní ìdí Ọ̀ṣun ni wọ́n bí Àjíkẹ́ sí, kí wọ́n fi òfin dá ọmọ òun padà fún òun.

Ẹ̀rín ò kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn olóyè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn, nítorí wọ́n yẹ òfin wò, òtítọ́ ni ìyá náà sọ.

Bí èrò ṣe tún ya dé ilé alágbẹ̀dẹ nìyẹn! Ọ̀tún ló ṣáájú. Ó ní, “Àjíkẹ́, ìdí òrìṣà wo ni wọ́n bí ọ sí?”

“Ọ̀ṣun ni, Bàbá.”

“Èwo lò ń bọ báyìí?”

“Ògún ọkọ mi ni. Ṣé kò dára ni?”

“Ta ló fún ọ láṣẹ?”

Àjíkẹ́ kúnlẹ̀. “Bàbá, ilé ọkọ mi ni mo tẹ̀ lé! Torí àwọn Ìmàle lẹ ṣe ṣòfin, kì í ṣe torí tèmi!”

Ọ̀tún ní, “Òfin kò dárúkọ Ìmàle, kò sì dárúkọ ilé ọkọ. Ògúnrìndé, mú pàṣán rẹ wá.”

“Oyún ń bẹ nínú ìyàwó mi, Bàbá! Oyún tí a ti ń wá látọjọ́ yìí!”

“Bí mo bá dá tìrẹ sí, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tí wọ́n ti nà? Na ọwọ́ sájà.”

Ìyá ilé Ọlọ́ṣun bú sẹ́kún. “Ọmọ ni mo wá gbà o, n ò bẹ̀ yín ní pàṣán!” Ta ni ń dá a lóhùn? Ògúnrìndé na ọwọ́ sájà. Àjíkẹ́ fi apá méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú, ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀, ó sì di ojú. Pàṣán gòkè, ó ń bọ̀.

Kò bà á. Ọwọ́ dúdú kan ti gbá a mú lókè. Àwẹ̀ró ti sáré dé láti ìdí ìkòkò aró, omi aró ń kán tótó ní apá rẹ̀.

Ó ní, “Ọ̀tún, ẹ ti nà mí, mi ò jà. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ìyá àwọn ọmọ yín, ìdí òrìṣà wo ni wọ́n bí wọn sí?”

Kí Ọ̀tún tó ya ẹnu, ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láàárín èrò. “Ìdí Ọbàtálá ni wọ́n bí mi sí. Ọya ilé ọkọ mi ni mo ń bọ látìgbà tí mo ti délé yín, n kò sì gbàṣẹ ẹnikẹ́ni.” Ó bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ ti Àjíkẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀.

Ẹlòmíràn ní, “Èmi náà ńkọ́? Ṣàngó ni tèmi!” Òun náà kúnlẹ̀. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó pajú pẹ́ẹ́, iwájú àgbẹ̀dẹ ti di kìkì ẹ̀yìn obìnrin! Arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ rọra na tèmi o, ó ti gbẹ.” Àwọn ọkọ ń wo ara wọn. Ẹnu Ọ̀tún tó mú bí abẹ kò rí ohun gé mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọkùnrin ń gbé ìyàwó wọn dìde, tí wọ́n ń mú wọn lọ sílé, kò sì pẹ́ tí ó fi ku Ọ̀tún nìkan. Ọba fagi lé òfin náà kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ó ní kí oníkálùkù sin ohun tí ọkàn rẹ̀ bá gbà.

Àjíkẹ́ wọlé tọ ìyálé rẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá yẹn. “Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Mo fi yín ṣẹ̀sín, èmi náà ni mo ní kí wọ́n fi pàṣán sájà.”

Àwẹ̀ró gbé e dìde. “Dìde, má pa ọmọ lára. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ẹgba dùn mí, orin rẹ dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé mo wo òkè àjà, mo wo ojú ẹ, mo sì mọ̀ pé ìwọ ló kàn. Ìwọ ò mọ̀.”

Àjíkẹ́ bímọ láyọ̀, ọwọ́ dúdú Àwẹ̀ró ló sì gbẹ̀bí rẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá gbọ́ pé ìyàwó kan ń rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n fi ìyà jẹ ìyálé rẹ̀, Àjíkẹ́ á fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ bá a, á sì kì í nílọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ di òwe títí di òní, pé pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.