Bí Òkété Ṣe Jẹ Ìjàkadì Tán

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ gbọ́ àlọ́. Àlọ́ mi takìtì, ó yí gbirigbiri létí odò, ó fẹ̀yìn balẹ̀ gbì, ó dá lórí Òkété ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bí àpò.

Iyán ni Òkété ń fẹ́. Kì í ṣe òkèlè kan tí ènìyàn fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò o. Iyán inú odó ńlá tí wọ́n ń gún fún àwọn oníjà lọ́jọ́ ìjàkadì ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, tọ̀sán-tòru.

Nígbà náà, gbogbo ẹranko igbó ló máa ń péjọ sétí odò láti wo ìjàkadì. Òǹwòran kọ̀ọ̀kan á gbé iṣu kan dání. Àwọn aya Ọ̀yà á ti kó iyanrìn odò wá, wọ́n á ṣa òkúta inú rẹ̀ dànù, wọ́n á tẹ́ ẹ nípọn débi pé bí Ẹfọ̀n bá gbé Ìnàkí ṣánlẹ̀, Ìnàkí á kàn gbọn ìdí ni, á dìde, á tún gbá a mú. Wọ́n á gún àwọn iṣu náà níyán. Àwọn oníjà á jẹ, àwọn tó kó iyanrìn á jẹ. Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú odó ni ti alábòójútó pápá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé nǹkan kan kì í ṣẹ́kù. Túùkú tó ṣe alábòójútó títí tó fi darúgbó, ìsàlẹ̀ odó ló ń lá. Ẹfọ̀n nìkan lè jẹ iyán tó ga tó òun fúnra rẹ̀, kó nu ẹnu, kó wá béèrè pé ṣé wọ́n ti ń gún iyán ọ̀hún ni.

Bí Túùkú ṣe fẹ̀yìn tì, Òkété ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ọba Erin.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ fi èmi ọmọ yín ṣe alábòójútó pápá. Mà á tún un ṣe, ayé á gbọ́."

Erin ní, "Ṣé o mọ òfin ibẹ̀? Ẹni tó bá gba iṣu òǹwòran ti jẹ wọ́n ní gbèsè ìjà. Lọ́jọ́ tí oníjà ò bá sí, alábòójútó fúnra rẹ̀ ni yóò wọ pápá."

Òkété rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kábíyèsí! Pẹ̀lú Ẹfọ̀n? Pẹ̀lú Ìnàkí? Pẹ̀lú Àgbò oníwo? Kí ló máa gbé èmi dé pápá?"

Lọ́jọ́ ìjà àkọ́kọ́ tó bójú tó, ó pín iyán Ẹfọ̀n sí méjì, ó gbé ìdajì pamọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

Ẹfọ̀n wo abọ́, ó wo Òkété. "Alábòójútó, iyán mi dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, òun ló wà níwájú yín yẹn."

"Èyí? Mo rò pé o ní kí n tọ́ ọ wò ni."

"Háà, ẹ̀gbọ́n mi àtàtà! Oníjà tó bá jẹ àjẹyó, oorun ló máa ń kùn ún. Ire yín ni mò ń wá. Àti pé ìjà làwọn òǹwòran wá wò, wọn ò wá wo oúnjẹ."

Ẹfọ̀n fi ebi jà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó tún padà wá, ìdajì náà ti tún dínkù, abọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju iyán lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn gbọn ìrù rẹ̀, ó gba oko rẹ̀ lọ. Ìnàkí ní nígbà tí Ẹfọ̀n ò sí, ta lòun fẹ́ bá wọ̀yá ìjà, òun náà bá tẹ̀ lé e. Ó dun Òkété gan-an. Ó fi ìpín iyán àwọn méjèèjì ṣèrántí wọn.

Ó wá kan àwọn aya Ọ̀yà.

"Ẹ̀yin ìyá mi, iyanrìn tí ẹ kó ní èṣí dà?"

"Ó wà ńbẹ̀. Òjò ló wọ́ díẹ̀ lọ nínú rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló ń wo iyanrìn? Ẹ lọ sinmi, ẹ ti ṣiṣẹ́ jù."

Wọ́n lọ sinmi. Ìpín iyán tiwọn náà lọ sinmi sẹ́rẹ̀kẹ́ Òkété. Òjò rọ̀, ó tún rọ̀, títí yangí fi yọrí jáde láàárín pápá. Nígbà tí Òbúkọ gbé Àgbò ṣánlẹ̀ lórí ẹ̀, ìwo Àgbò dá pẹ́kẹ́. Àgbò he ìwo rẹ̀, ó fi há abíyá, ó ń lọ sílé, kò wẹ̀yìn.

Òkété kígbe pé, "Ẹ gbọ́ bó ṣe dún! Ṣé iyanrìn lè dún bẹ́ẹ̀ yẹn?"

 Àmọ́ lọ́jọ́ ìjà tó tẹ̀ lé e, púpọ̀ nínú àwọn òǹwòran jókòó sílé, àwọn tó sì wá, iṣu tí wọ́n mú wá kò ju àtàǹpàkò lọ. Nígbà tí Òbúkọ náà rí i bẹ́ẹ̀, ó ní òun ń lọ fẹ́yàwó.

Òkété ronú. Bí òǹwòran ti dínkù yìí, kí ló kù ká dín? Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé ìjà ló kù. Ẹranko wo ni kì í jẹ iyán? Ìgbín! Ewé lásán lónjẹ rẹ̀. Kò lè ṣubú, torí náà kò ní fi iyanrìn ṣe nǹkan kan. Inú Òkété dùn débi pé ó lu ara rẹ̀ lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

Ó gbé Ìgbín kan sápá ibí, ó gbé èkejì sápá ọ̀hún, ó ní kí ìjà bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń wọ́ bọ̀. Oòrùn kàtàrí, wọ́n ń wọ́ bọ̀. Oòrùn rọ̀, ọ̀kan nínú wọn ti ṣìnà.

Òkété ń ké pé, "Ẹ wo ìfarabalẹ̀! Ẹ wo ọgbọ́n ìjà!"

Ìyá Ìgalà nìkan ló kù tó ń wò wọ́n. Arúgbó yìí fẹ́ràn ìjàkadì ju oúnjẹ lọ. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú jẹ́ oníjà, gbogbo ọgbọ́n ẹsẹ̀ tí ọkọ yẹn ń lò ló mọ̀, nítorí òun ni ọkọ rẹ̀ fi ń dánra wò nílé.

Ó ní, "Òkété ọmọ mi, èwo nínú wọn ló ń borí?"

"Ìyá, ìjà olóye ni. Ẹni tó bá lajú ló lè rí i."

"Mo ti rí i. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Bí mo bá ti jókòó síbí yìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ọkọ mi ṣì wà." Ó gbé iṣu rẹ̀, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó lọ.

Odó wá gbẹ táútáú. Òkété délé, ó ní káṣà má parun o, àwọn èwe ìwòyí ò mọyì nǹkan àbáláyé mọ́.

Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, àbí ìjà ni kò sí mọ́?"

"Àṣàbí, ọ̀rọ̀ àgbà lò ń dá sí yẹn."

Àmọ́ ebi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà, ó ń pa á. Ó bá sáré tọ Ọba Erin lọ. "Kábíyèsí, ẹ ránṣẹ́ pe Ẹkùn àna yín, Ọba òdìkejì odò, kó wá wo ìjàkadì wa. Ìjà tí mo ní nílẹ̀ báyìí, ojú ò rí irú rẹ̀ rí."

Ta ló máa gbọ́ pé Ẹkùn ń bọ̀ tí kò ní wá? Gbogbo igbó tú jáde, wọ́n gbé iṣu gidi dání. Wọ́n gún iyán ọ̀hún, ó kún odó, ó yọ lókè. Òkété wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tó jẹ́ pé Ìgbín ò jẹ iyán, ta ló yẹ kó jẹ ẹ́? Ó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Ó wá lọ gbé àwọn oníjà rẹ̀.

Ó kanlẹ̀kùn Ìgbín. Kẹ́kẹ́ pa. Ó yí i, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi sétí. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, Ìgbín ti dí ẹnu karawun rẹ̀ pa, ó ń sun oorun tó máa fi kan òjò. Òkété tó mọ gbogbo ọ̀nà tí iyán lè gbà ṣẹ́kù kò rántí pé ìgbín kì í jáde lẹ́ẹ̀rùn. Ìgbín kejì náà ti sùn bẹ́ẹ̀.

Òkété sáré padà sí pápá, ó ju ọwọ́ sí Àṣàbí, ó nàka sí Ẹfọ̀n. Àṣàbí sáré kúnlẹ̀ fún Ẹfọ̀n láàárín èrò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ gbà wá."

Ẹfọ̀n ní, "Ìyàwó wa, dìde ńlẹ̀. Òǹwòran ni mí lónìí. Mo ti mú iṣu wá."

Ọba Erin gbóhùn sókè. "Alábòójútó, àna mi ti jókòó. Ìjà dà?"

Òkété fẹ́ sọ pé ara òun ò yá. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n sún un síwájú. Ṣùgbọ́n bó bá lanu, gbogbo ayé á rí iyán. Bó bá sì gbé e mì, ọ̀fun á fà ya.

Ó ní, "Ùn-ùn-ùn-ùn!"

Àwọn èrò pariwo, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bú ramúramù! Ó ti múra ìjà!"

Erin ní, "Òfin lòfin. Wọ pápá."

Ẹfọ̀n fẹ́ dìde, Ìyá Ìgalà bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lójìká. "Jókòó, ọmọ mi. Ìwọ ò tíì jẹun kánú." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀, ó rọra wọ inú pápá lọ. Orin bá gbalẹ̀:

Alábòójútó wọ pápá o,
Gbì o, gbì!
Iyanrìn ò sí ńlẹ̀ mọ́,
Gbì o, gbì!
Yangí ló tẹ́ de ara rẹ̀ o,
Gbì o, gbì!

Ìyá Ìgalà fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe. Òkété fò sókè, ó fẹ̀yìn lu yangí gbì! Òun náà gbọ́ bó ṣe dún. Ẹnu rẹ̀ là, iyán fọ́n káàkiri. Òkèlè kan fò, ó bà lé irun imú Ẹkùn.

 Ẹkùn fi ahọ́n mú un, ó tọ́ ọ wò. "Iyán yìí kúnná o. Àna mi, ta ló yẹ kó jẹ ẹ́?"

 Gbogbo èrò yíjú sí Ẹfọ̀n.

Ọba Erin dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dá iyán padà fún àwọn oníjà àti àwọn aya Ọ̀yà, ó ní kí Ìyá Ìgalà máa bójú tó pápá. Ní ti Òkété, iyanrìn tó jẹ́ kí òjò wọ́ lọ, òun nìkan ni yóò gbẹ́ ihò wà á jáde, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò sì fi wà á, títí pápá yóò fi nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ó ń wà á lọ báyìí. Bó bá kó o jáde, òjò á tún wọ́ ọ lọ, Òkété á tún padà sínú ihò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ náà ò sì sún kì mọ́.

Ibi tí àlọ́ mi fẹ̀yìn balẹ̀ sí nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba iṣu lọ́wọ́ òǹwòran, ẹ jẹ́ kí ìjà ó tó ìjà. Bẹ́ ẹ bá sì rò pé irọ́ ni mo pa, ẹ lọ wo ẹnu ihò Òkété láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ ó bá òkìtì iyanrìn tuntun níbẹ̀.