Àárò Tí Kò Kan Ìgbín

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má ti ẹni tó wà níwájú. Ọ̀rọ̀ Ìgbín ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí di òní.

Nígbà láéláé, Ìgbín kò ní ìkarahun. Ara rẹ̀ rọ̀, kò sí ohun kan tó bò ó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú láyé ìgbà náà, tí odò ìsàlẹ̀ gbẹ, gbogbo ẹranko a kó lọ sórí òkè, níbi tí ìsun omi kan wà tí kì í gbẹ. Wọn a pàgọ́ síbẹ̀, wọn a máa ṣeré títí òjò yóò fi dé.

Àárò ni wọ́n fi ń kọ́ àgọ́ náà. Lónìí, gbogbo wọn a kọ́ ti Etu. Lọ́la, ti Òkété. Ìgbín ló ń lẹ ewé òrùlé pọ̀, nítorí omi ara rẹ̀ ń lẹ̀ ju oje igi lọ.

Lọ́dún kan, Etu bi í pé, "Ìyá Ìgbín, ọjọ́ wo la ó kọ́ tiyín?"

"Ẹ ṣe tiyín ná," ni Ìgbín wí. "Èmi ni kí ẹ fi kẹ́yìn."

Háà, Ìgbín! Ojú ló ń tì í o. Ó mọ̀ pé òun ń falẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dúró de òun. Bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni oòrùn ń jó o lẹ́yìn.

Ó lẹ ti Etu, ó lẹ ti Òkété, ó lẹ ti Ọ̀bọ àti Ọ̀yà. Lọ́jọ́ tó kàn án, ó tètè jí, ó kó ewé jọ, ó ń retí wọn. Àfi bí òjò ṣe ṣú!

"Òjò dé!" Òkété pariwo. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, ká lọ gbin nǹkan!"

"Àgọ́ mi ńkọ́?" Ìgbín béèrè.

"Ìyá wa, kí lẹ tún fẹ́ fi àgọ́ ṣe? Ẹ̀ẹ̀rùn ti parí. Ó dàmọ́dún!" ni Òkété dá a lóhùn.

Wọ́n tú àgọ́ wọn palẹ̀ bí àṣà wọn, wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀. Ìgbín kò lè sáré.

Àṣé òjò ẹlẹ́tàn ni. Atẹ́gùn gbá a lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn yòókù, oòrùn padà yọ lórí òkè, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewé tí Ìgbín kó jọ gbẹ, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Abẹ́ òkúta gan-an gbóná.

"Yéè, mo gbé!" Ìgbín bú sẹ́kún. "Gbogbo ilé tí mo lẹ̀, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tèmi!"

Nígbà tó sunkún tó, ó po omi ara rẹ̀ mọ́ eruku òkúta. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó ń yí i po, ó ń yí i po, títí ó fi bora tán. Nígbà tí ó gbẹ, ó le koránkorán, kò ṣe é bọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tutù. Ìgbín fà wọlé, ó sùn.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, wọ́n tún dé. "Ìyá Ìgbín o! Àárò yá!"

Ìgbín yọjú. Kò bú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ," ló wí. "Ilé tèmi nìyí."

Ó fà sínú, ó fi omi ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, omi náà gbẹ, ó funfun. Òkété fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, ó yí padà.

Láti ọjọ́ náà ni Ìgbín ti ń ru ilé rẹ̀ kiri. Bó bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Tí ẹ bá sì rí i lẹ́ẹ̀rùn, tó fi nǹkan funfun dí ẹnu ìkarahun, ẹ má ṣí i o. Ó ti bá gbogbo ayé kọ́lé rí. Ẹ jẹ́ kó sinmi nínú tirẹ̀.